Mo fẹ́ wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú Statistics lókè òkun láti Ìkòròdú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìpàkodò
8 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí gbọ̀ngbọ̀n báyìí, ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi ni mò ń wá.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, lápá Ìpàkodò, kò jìnnà sí èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí CMS. Statistics ni mo kà ní yunifásítì ìjọba, 4.31 nínú 5.0 ni mo fi jáde. First Class bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún kejì tí bàbá wa kú. Sáà yẹn ni mo gba F nínú Real Analysis, kọ́ọ̀sì ìṣirò kan tó jẹ́ ti fífi ẹ̀rí hàn. Mo tún un ṣe, mo gba B, mo sì gba A nínú èyí tó tẹ̀ lé e, àmọ́ F náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kebbi, mo parí lọ́dún tó kọjá. Báyìí, àwọn ọmọ tó ń múra JAMB ni mò ń kọ́ ní ìṣirò ní Sabo, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di aago méje.

Ìyá mi ń ta ẹja yíyan. Láti 2014 ni mo ti ń bá wọn kọ ìwé ọjà: ọjọ́, iye tí wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ kan, iye tí wọ́n tà á. Ìwé ewé ọgọ́ta ni, ó ti di mọ́kànlá. Òun ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni mo rí i pé ọjọ́ kan ń bẹ, òmíràn ń bẹ, tí kò sí iye kankan níwájú rẹ̀. Mo rò pé mo gbàgbé láti kọ ọ́ ni. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní rárá, ọjọ́ tí ẹja ò wọ̀lú nìyẹn, tàbí ọjọ́ tí owó rẹ̀ ga débi pé àwọn kàn yíjú padà sílé. Ó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹja wọ́n jù lọ gan-an ni ìwé mi ò rí. Mo fi ìpíndọ́gba àwọn ọjọ́ yòókù dí àlàfo wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo gba A, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ sí i láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn, bí ó bá gbà mí ní ọdún márùn-ún.

Ṣé ènìyàn lè wọ PhD ní Amẹ́ríkà láìṣe MSc? Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe, àwọn kan ní irọ́ ni. Ṣé dandan ni GRE, ìdánwò tí àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà kan ń béèrè fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́? 220 dọ́là ni mo rí. Bí dọ́là ṣe wà ní nǹkan bíi 1,600 náírà yìí, 352,000 nìyẹn, n kò sì tíì san owó fọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan ṣoṣo. Owó oṣù mi ò tó 70,000 tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Agric tó ń báni ṣètò ìrìnàjò, ó ní kí n mú 850,000 wá, òun á bá mi kọ gbogbo rẹ̀, títí kan lẹ́tà àwọn olùkọ́. Ìyá mi ti fẹ́ lọ kó àjọ wọn fún un. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín.


Ìyá Ìbejì Odogunyan
8 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ọmọ mi, má ṣe é o. Má jẹ́ kí màmá rẹ kó àjọ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ọkùnrin san irú owó yẹn fún ẹnìkan ní 2021. Ẹni náà kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó ṣí ímeèlì mẹ́ta lórúkọ àwọn olùkọ́ àbúrò mi, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Ilé-ìwé kan níbẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà gan-an láti wádìí. Ìtìjú yẹn kì í ṣe kékeré. Wọ́n da fọ́ọ̀mù rẹ̀ nù, olùkọ́ yẹn ò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́ títí di òní olónìí. Owó náà ò padà wá.

Èmi ò mọ Statistics. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọmọ yìí lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́.


Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbógbó
9 oṣù Kẹsàn-án 2024

Àbúrò mi, Ìgbógbó ni ilé wa. Ọdún kẹta mi nìyí nínú PhD Statistics ní yunifásítì ìjọba kan láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ fọ́ọ̀mù kí n tó wọlé. Lẹ́ẹ̀kíní, ilé-ìwé méje, méjèèje ló kọ̀ mí. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́jọ, méjì gbà mí, wọ́n sì fi owó tì í. Èmi kan náà ni, èsì kan náà, GRE kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lẹ́ẹ̀kejì, mo ti mọ̀ pé àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù mi ò mọ ibi tí mo ti wá, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ fi í hàn wọ́n.

Wo transcript rẹ. Tí 72 bá wà níbẹ̀, A ni lọ́dọ̀ wa, nítorí 70 ni A ti ń bẹ̀rẹ̀, o sì mọ iye ẹni tó ń fojú kan 70 nínú kíláàsì tó kún dé ẹnu ọ̀nà. Lójú olùkọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà, 72 jẹ́ C. Kò ní ìdí tó fi máa rò ó lọ́nà mìíràn àfi tí ẹnìkan bá ṣàlàyé fún un. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé. Lẹ́ẹ̀kejì, olùkọ́ mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwa 183 la jọ ṣe ìdánwò Probability ọdún kẹta, pé ẹni mẹ́rin ló gba A, pé èmi ni mo ṣe ipò kejì. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣe ju gbogbo ìyìn tó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ.

Jẹ́ kí n sọ ti lẹ́tà yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Lẹ́yìn tí àwọn méje ti kọ̀ mí, olùkọ́ mi pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ti tẹ fọ́ọ̀mù tí wọ́n kún fún mi jáde sórí bébà. Lẹ́yìn lẹ́tà, àwọn ilé-ìwé òkè òkun máa ń ní tábìlì kan tí olùkọ́ máa fi àmì sí: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà lára ẹni méjì tó dára jù nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí márùn-ún, tàbí mẹ́wàá, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Olùkọ́ mi fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n fi àmì sí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ní, “Mo rò pé mo yìn ọ́ ni.” Mo sì gbà wọ́n gbọ́ tọkàntọkàn. Lọ́dọ̀ wa, àgbà olùkọ́ kì í la ẹnu gbòòrò yin ọmọ, tó bá ní ọmọ náà dára, ó ti parí. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka á níbẹ̀, ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ fi sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, olùkọ́ rẹ̀ ti ní kí wọ́n má gbà á. Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́fà: oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í pẹ́ dé kíláàsì, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun tó dára ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sọ bóyá mo lè ṣe ìṣirò.

Nítorí náà, lọ bá àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ rẹ, kí o lọ láìpẹ́, kí o sì bá wọn sọ nípa tábìlì yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọ́ wé àwọn tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n fi àmì síbi tó jẹ́ òótọ́.

Lẹ́yìn náà, kọ ojú ìwé kan tàbí méjì nípa àwọn kọ́ọ̀sì ìṣirò rẹ. “STA 311” ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó wà lókè òkun. Sọ ohun tí ẹ kọ́ níbẹ̀, ìwé tí ẹ lò, ibi tí ẹ kà á dé, ohun tí o gbà. Tú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ jáde kí o wò ó, má fi orí rántí. Linear Algebra, Real Analysis, Probability, Mathematical Statistics: ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá nìyẹn, ju kọ́ọ̀sì ìlò lọ.

F inú Real Analysis yẹn: wọ́n máa rí i. Measure theory, ìṣirò tí wọ́n kọ́ lé orí Real Analysis, ló máa ń kún ọdún àkọ́kọ́ níbí, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní qualifying sì ń tẹ̀ lé e, ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè jẹ́ ìwé Master's ni wọ́n máa fún un kó máa lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń wo Real Analysis lójú méjèèjì nìyẹn. Kọ ìlà méjì péré: bàbá mi kú ní sáà yẹn, mo tún un ṣe, èyí ni mo gbà, èyí ni mo gbà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní èyí tí o ti gba A bá lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ó dára púpọ̀.

Ti MSc, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Statistics ní Amẹ́ríkà ń gba ẹni tó ní BSc nìkan sí PhD tààrà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ṣètò rẹ̀ sí. Wọ́n á yọ owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn rẹ, wọ́n á máa san owó oṣù fún ọ, ìwọ náà á máa bá wọn kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní tàbí kí o máa máàkì iṣẹ́ wọn. PhD Statistics tí wọ́n bá ní kí o fi owó ara rẹ ṣe, fi sílẹ̀.

GRE: láti 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan ṣì ń béèrè rẹ̀, àwọn kan ní ó wù ọ́ ni, àwọn kan ní àwọn ò tilẹ̀ fẹ́ rí i. Wọ́n ti gé e kúrú láti oṣù Kẹsàn-án 2023, kò pé wákàtí méjì mọ́. Àmọ́ 352,000 pọ̀ jù fún ohun tí o lè yẹra fún. Wá àwọn tí kò béèrè rẹ̀. Èmi gba 168 nínú 170 lápá ìṣirò, méje kọ̀ mí síbẹ̀. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, IELTS tàbí TOEFL, èsì rẹ̀ kì í ju ọdún méjì lọ, torí náà má sáré ṣe é. Àwọn ilé-ìwé kan ń yọ ọmọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ tí yunifásítì rẹ bá kọ̀wé pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan.

Owó fọ́ọ̀mù, 75 sí 125 dọ́là ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Kí o tó san kọ́bọ̀, kọ ímeèlì kúkúrú sí ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní ẹ̀ka náà, sọ iye tí ò ń gbà lóṣù, sọ iye tí fọ́ọ̀mù wọn jẹ́ ní náírà, ní kí wọ́n ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo kọ mẹ́rìnlá, márùn-ún ní kí n má san. Èdùkéṣọ̀n USA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, wà ní Èkó náà, EducationUSA ni wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Opportunity Funds fún ọmọ tó mọ̀wé tí kò lówó fọ́ọ̀mù. Lọ bá wọn fúnra rẹ. Transcript náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń gba ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ nígbà fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí wọ́n bá gbà ọ́ tán ni wọ́n máa béèrè èyí tí ilé-ìwé rẹ fi ránṣẹ́. Má náwó sí kúríà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ṣètò bí o ṣe máa sanwó sílẹ̀ báyìí. Káàdì náírà mi kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù kan máa parí. Mo wà lórí àga nínú òkùnkùn, mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Dubai pé kó bá mi san án. Ó ti sùn. Ilé-ìwé yẹn lọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù ni ìwé tí o máa kọ nípa ara rẹ. Àbúrò, o ti kọ ọ́ fún wa lókè yẹn. Ohun tí màmá rẹ sọ nípa ọjọ́ tí àwọn yíjú padà, Donald Rubin, onímọ̀ Statistics ará Amẹ́ríkà, ti to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1976: àìsí iye lè dá lórí iye tí kò sí náà gan-an. Bí o bá fi ìpíndọ́gba dí irú àlàfo yẹn, ẹja á dà bí ohun tí kò wọ́n tó bó ṣe wọ́n. Má kọ pé láti kékeré ni o ti fẹ́ràn ìṣirò, gbogbo ènìyàn ló ń kọ ìyẹn. Kọ ti ìwé mọ́kànlá. Kó o tó kọ ọ́, ṣí R, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe Statistics, ọ̀fẹ́ ni. Mú oṣù kan tí iye rẹ̀ pé, mọ̀ọ́mọ̀ yọ àwọn ọjọ́ tí owó ga jù kúrò, fi ìpíndọ́gba dí wọn, kí o wo bí èsì ṣe yí sí ti òótọ́. Fi ìlà mẹ́ta sọ ohun tí o rí. Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.


Ọmọ Ìpàkodò
9 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ìyá mi létí ní Yorùbá bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ìjà òkèèrè. Ẹ̀yin náà, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, ma. Àjọ wà níbi tó wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan. Mo pe olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ́sàn-án yìí. Inú wọn dùn, àmọ́ wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà náà wá kí àwọn fọwọ́ sí i, iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Ṣé kí n kọ ọ́? Ṣé ó sì yẹ kí n máa kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ṣáájú?


Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbógbó
10 oṣù Kẹsàn-án 2024

Má kọ lẹ́tà náà. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún àgbà pé rárá. Ohun tí mo ṣe nìyí: mo kọ ojú ìwé kan tí kò ní ìyìn kankan nínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ mi àti ohun tí mo gbà. Iye ẹni tó wà ní kíláàsì. Ìbéèrè tí mo béèrè lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi ní kí n wá sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn kíláàsì. Ohun tí iṣẹ́ àṣekágbá mi rí. Mo gbé e fún wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa parí, mo ní, “Sà, mo kó ohun tẹ́ ẹ lè fẹ́ rántí jọ.” Wọ́n jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n kọ lẹ́tà fúnra wọn, ó jẹ́ ojú ìwé kan àtààbọ̀. Tí ìwọ bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn kan náà ni wọ́n máa fi sọ̀rọ̀, ẹni tó ti ń ka lẹ́tà fún ogún ọdún á gbọ́ ọ. Kí wọ́n fi ímeèlì ilé-ìwé ránṣẹ́ tí wọ́n bá ní i.

Ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n: ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka Statistics ló ń yan ènìyàn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ò lè dá gbà ọ́ wọlé. Má fi oṣù méjì kọ ímeèlì kiri.

Fọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ wọn máa ń parí láàárín 1 oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìn-ín-ní. Tí ìdáhùn rere bá dé, tí wọ́n sì fi owó tì í, o ní títí di 15 oṣù Kẹrin láti dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lóhùn, àdéhùn àwọn yunifásítì náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni I-20 (ìwé tí ilé-ìwé máa fún ọ láti fi gba físà), lọ́dún 2024 yìí 350 dọ́là fún SEVIS (àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà nípa akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì), 185 fún físà, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Victoria Island. Sùn sí Erékùṣù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Má gbọ́kàn lé ọ̀nà Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.


Dókítà Èpè
11 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbógbó yè kooro. Èmi náà fẹ́ fi díẹ̀ kún un kí àbúrò wa má fi gbogbo ara lé Amẹ́ríkà nìkan.

Biostatistics, Statistics tí wọ́n ń lò fún ọ̀rọ̀ ìlera, wà pẹ̀lú, ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú ni ó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye tí kò sí nínú ìwé yìí, iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn ni, nítorí aláìsàn máa ń dẹ́kun wíwá sí ilé ìwòsàn, ẹni tó dẹ́kun sì lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le jù. Ohun kan ni kí o mọ̀: owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ń fún àwọn ẹ̀ka yẹn, ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ló wà fún. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò ń gba àlejò, àmọ́ béèrè ní tààrà pé owó wo ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó wá láti òkèèrè.

Èmi gba ọ̀nà AIMS. African Institute for Mathematical Sciences, ní Muizenberg lórílẹ̀-èdè South Africa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, wọ́n wà ní Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda náà. Master's ni, àwọn ló ń gbé owó ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti ibùgbé. Ọdún tí mo lò níbẹ̀ ló jẹ́ kí n rí olùkọ́ láti òkèèrè tó lè kọ lẹ́tà pé òun ti kọ́ mi lójúkojú. Fún ẹni tí wọn ò mọ ilé-ìwé rẹ̀, mo rò pé èyí lágbára ju GRE lọ fíìfíì. Bí ọdún yìí ò bá bọ́ sí i, má jẹ́ kí ọdún tó ń bọ̀ kọjá láìkọ fọ́ọ̀mù wọn.

Ní Kánádà, Master's ni wọ́n sábà máa ń ní kó o kọ́kọ́ ṣe, ọ̀pọ̀ wọn sì ń san owó fún un. Ní Jámánì, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí o ti ní Master's, o sì sábà máa ń ní láti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà ọ́, torí náà ibẹ̀ ni ímeèlì ti wúlò.

Màmá mi náà, ọjà ẹja Èpè ni wọ́n ti tọ́ wa. N kò rò ó rí pé ìwé ọjà wọn lè di nǹkan. Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ yìí láti béèrè bóyá wọ́n ṣì ní tiwọn. Wọ́n ti fi dí epo.


Ọmọ Laspotech
11 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa tá a ní HND ńkọ́? Mo parí ní Laspotech, ní Ìkòròdú níbí, kó tó di yunifásítì ní 2022. Upper Credit, Statistics.


Dókítà Èpè
12 oṣù Kẹsàn-án 2024

Àbúrò, ilé-ìwé kan á gbà á, òmíràn ò ní gbà á, kí o sì tó sanwó fọ́ọ̀mù ni kí o ti mọ̀. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ sí i, jẹ́ kí wọ́n dá ọ lóhùn lórí ìwé. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ṣe é, PGD (Postgraduate Diploma) ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà MSc níbí. Ó gùn, àmọ́ wọ́n dé ibẹ̀.


Ọmọ Ìpàkodò
15 oṣù Kẹsàn-án 2024

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti yan ilé-ìwé mẹ́jọ, mẹ́fà ò béèrè GRE. Mo ti kọ ímeèlì mẹ́jọ nípa owó fọ́ọ̀mù, ẹni méjì ti fèsì: ọ̀kan ní kí n má san, èkejì ní òfin ìpínlẹ̀ àwọn ò gbà á fún àlejò. Lọ́jọ́ Wẹsidé ni mò ń lọ rí olùkọ́ mi pẹ̀lú ojú ìwé kan yẹn.

Lálẹ́ àná, èmi àti ìyá mi jókòó ti àwọn ìwé ọjà náà. Mò ń pe ọjọ́ tí kò ní iye lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n bá rántí. Mo rò pé wọn ò ní rántí. Wọ́n rántí. Oṣù Kẹrin 2020, ìséde kòrónà, kò sọ́jà. Oṣù Kejì 2023, nígbà tí owó tuntun kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹja wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó lówó tó máa fi rà á. Wọ́n gbé ìka lé ọjọ́ méjì kan tó tẹ̀ léra, wọ́n ní, “Orò nìyẹn, obìnrin kì í jáde.” Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí. Ọjọ́ Orò ò mọ ẹja tó wọ́n yàtọ̀ sí ẹja tó pọ̀. Àlàfo ọjọ́ yẹn àti ti ọjọ́ tí wọ́n yíjú padà nítorí owó, nínú kọ̀ǹpútà mi, bákan náà ni wọ́n rí, ọ̀nà kan náà ni mo sì fi dí méjèèjì.

Mo ti fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà báyìí, pẹ̀lú bírò pupa. Ìyá mi ń sọ ọ́, mò ń kọ ìdí rẹ̀ síwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Títí wọ́n fi mú iná lọ láago mẹ́wàá, ìwé mẹ́ta la ṣe tán. Ó ku mẹ́jọ.